Tanímọ̀la àti òòyà Màmá: ọdún mẹ́ta pẹ̀lú Labradoodle kan

Ẹni tó ń gẹ irun ajá náà kò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan. Ó gbé nǹkan lé orí tábìlì níwájú mi, mo ṣebí aṣọ ni. Ó nípọn bí ìtẹ́lẹ̀ bàtà, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi Milo tí mílíìkì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì ní ihò méjì níbi tí ẹsẹ̀ iwájú ti yọ jáde. Irun ajá wa ni. Ó ti ta kókó, kókó ti wọ inú kókó, gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀kan láti ìdí bí irun dàdá, kílípà sì bọ́ ọ kúrò lára rẹ̀ lódindi bí ìgbà tí a bá bọ́ súẹ́tà lọ́rùn ọmọdé. Ajá fúnra rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀, ó ti di tín-ín-rín, ó ń gbọ̀n, abẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì pọ́n yòò.

Oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni mò ń sọ, ní Chatham, ní ẹkùn Kent. Pọ́n-ùn 2,200 la ra ajá yẹn, Labradoodle, àdàlù irú ajá méjì, Labrador àti poodle. Ohun tí a sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi wá ni pé irú rẹ̀ kì í já irun. Òótọ́ ni, kì í já. A ò kàn bi ara wa léèrè pé irun tí kò bá já sílẹ̀, ibo ló ń lọ?

Ìdílé méjì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ti ní àwọn náà fẹ́ ra Labradoodle báyìí, ọ̀kan nítorí ọmọ tí ara rẹ̀ ń kọ ajá, èkejì nítorí bàbá àgbà tó dá wà. Àwọn ni mò ń kọ èyí fún. Ọ̀rọ̀ tiwa ní apá méjèèjì nínú, a sì ṣi apá méjèèjì ṣe.

Ìyá ọkọ mi ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Màmá ti ń gbé London ó lé lọ́gbọ̀n ọdún. Irun ni wọ́n ń dì, ní ìsọ̀ kékeré kan lẹ́yìn Rye Lane ní Peckham, àga mẹ́ta, ẹ̀rọ ìgbẹrun kan, tẹlifíṣọ̀n tí kì í sinmi. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹnu padà bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ padà dé ìwọ̀n tí ọ̀pá lè gbé e, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kọ̀. Ọwọ́ tó di ṣùkú, tó di kòlẹ́sẹ̀, tó di ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ fún ìyàwó àti ọmọge Peckham, kò lè ká ìka mọ́ ife tíì. Wọ́n kó wá sọ́dọ̀ wa ní oṣù Kejì ọdún 2021.

Físíò, ẹni tó ń fi eré ìdárayá mú ara padà bọ̀ sípò, ń wá sílé. Ó gbé àmọ̀ oníróbà kan fún wọn, pé kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Ó tún gbé pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ ogún fún wọn, pé kí wọ́n máa fi há etí abọ́ oníke, kí wọ́n máa tú u. Màmá ṣe é fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, wọ́n yí àga sí ojú fèrèsé, wọ́n sì fi ẹ̀yìn sí wa.

Èmi, ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí Kòrónà tó dé, obìnrin kan máa ń mú Labradoodle rẹ̀ wá síbẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ajá ńlá, oníwà pẹ̀lẹ́, tó máa gbé àgbọ̀n lé ìtan ẹni tó jókòó, tí yóò sì dákẹ́. Mo mọ bàbá kan níbẹ̀ tí kì í dáhùn orúkọ ara rẹ̀, àmọ́ tó bá di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, á béèrè pé ajá dà. Ohun tí mo rí nìyẹn. Ibi tí mo sì ti ṣìnà ni pé mo rò pé irú ajá náà ló mú un rí bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ iye ọdún tí obìnrin yẹn fi kọ́ ọ. Mi ò sì béèrè.

Ìṣìnà kejì jẹ mọ́ ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún méje nígbà yẹn. Tí ó bá jókòó sí ilé tí ológbò wà, ojú rẹ̀ á pọ́n, á sì máa sín. Bàbá rẹ̀ wá inú íntánẹ́ẹ̀tì, ó rí i pé Labradoodle kì í fa àléjì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, láìfi “bóyá” sí i. Ẹni tó tà á fún wa náà sọ bẹ́ẹ̀, ó tún fi ọwọ́ lé àyà.

Ní ti òfin, a ṣe dáadáa. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2020, ní England, ẹni tó bá fẹ́ ra ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà gbọ́dọ̀ rà á lọ́wọ́ ẹni tó bí i sílé gan-an, níbi tí wọ́n ti bí i, kí ó sì rí i pẹ̀lú ìyá rẹ̀. A lọ síbẹ̀, a rí ìyá: Labrador aláwọ̀ kókò, tó dùbúlẹ̀ láàárín ọmọ méje. Bàbá, poodle ńlá, fọ́tò rẹ̀ la rí. Ohun tí a ò béèrè ni ọ̀rọ̀ eegun ìdí àti ojú ajá. Labrador àti poodle ló ní àrùn eegun ìdí àti àrùn ojú tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, èèyàn kò sì lè fi àpòpọ̀ fọ̀ ọ́ nù; ẹni tó mọṣẹ́ máa ń ṣe àyẹ̀wò òbí méjèèjì, á sì mú ìwé rẹ̀ fún oníbàárà. A ò mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Títí di òní ìdí ajá wa kò yọ ọ́ lẹ́nu. Orí ló bá wa ṣe ìyẹn, kì í ṣe ọgbọ́n wa.

Màmá kò fẹ́ ẹ. “Ajá nínú ilé? Lórí kápẹ́ẹ̀tì?” Ní ojú tiwọn, ìta ni ajá ń gbé, ó ń ṣọ́lé tàbí ó ń tẹ̀ lé ọdẹ. Ọmọ Oǹdó ni wọ́n sì ni, ẹ̀yin náà ẹ mọ yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ń fi ará Oǹdó ṣe tó bá di ọ̀rọ̀ ajá. Alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì bi ọkọ mi pẹ̀lú ẹ̀rín pé ṣé Ògún ló ń sìn ín dè. Àmọ́ nígbà tó di ọ̀rọ̀ orúkọ, Màmá ló sọ ọ́. Wọ́n ní nígbà èwe àwọn, ajá ni èèyàn fi ń bá aládùúgbò sọ ohun tí kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ: á sọ ajá rẹ̀ ní Ṣebóotimọ, á wá dúró lójúde, á máa ké pè é kí ará ẹ̀gbẹ́ ilé lè gbọ́. Wọ́n wo ajá náà, wọ́n ní, “Tanímọ̀la. Ọjọ́ Ẹtì ni mo dirun èèyàn mẹ́fà. Sátidé, mi ò lè de bọ́tìnnì ara mi.” Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di Tanímọ̀la. Ní ọ̀dọ̀ dókítà ẹran, Tanny ni wọ́n kọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí ajá wọlé, ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í sín.

Dókítà tó rí i kò yà á lẹ́nu rárá. Ó ní kì í ṣe irun ló ń fa àléjì. Èròjà purotéènì kan ni, tó wà nínú itọ́ ajá, nínú èépá ara rẹ̀ àti nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ajá á lá ara rẹ̀, itọ́ á gbẹ mọ́ irun, á wá di eruku tí ojú kò rí, á máa fò kiri. Irun tí kì í já kò lè dí i lọ́wọ́. Ìwádìí kan jáde ní ọdún 2012 láti Netherlands tí wọ́n ti wọn èròjà yìí lára oríṣiríṣi ajá, Labradoodle àti poodle wà nínú wọn: ti àwọn ajá tí wọ́n ń polówó pé wọn kì í fa àléjì kò dín rárá, lára irun wọn, ó tiẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ohun tó ṣeé ṣe ni pé ara ẹnì kan lè gba ajá kan kó má gba òmíràn, kódà kí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù, torí pé ẹni tó kọ́kọ́ ṣe Labradoodle mọ èyí láti ọjọ́ kìíní. Wally Conron ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń bójú tó bíbí ajá fún ẹgbẹ́ tó ń kọ́ ajá tó ń mú afọ́jú rìn, ní ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà. Obìnrin afọ́jú kan kọ̀wé sí i láti Hawaii pé òun nílò ajá, ṣùgbọ́n ara ọkọ òun ń kọ ajá. Conron rò pé poodle ni yóò yanjú rẹ̀. Ó dán poodle 33 wò, kò sí ọ̀kan tó yege fún iṣẹ́ náà. Ó wá mú akọ poodle ńlá, ó fi gun abo Labrador kan, ọmọ mẹ́ta la fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Ọdún 1989 ni.

Ẹ wá wo ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, nítorí òun gan-an ni àwa ò ṣe. Kò sọ pé torí poodle wà nínú wọn, ó ti parí. Ó gé irun àwọn ọmọ ajá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó gba itọ́ wọn, ó fi ránṣẹ́ sí Hawaii kí ọkọ obìnrin náà lè fi ara kàn án. Nínú mẹ́ta, ọ̀kan ṣoṣo ni ara ọkùnrin náà gbà. Sultan ni wọ́n ń pe ajá yẹn, òun ló sì lọ sí Hawaii láti máa mú obìnrin náà rìn.

Ìyókù ìtàn, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Àwọn ìdílé tó máa ń bá ẹgbẹ́ náà tọ́ ọmọ ajá kò fẹ́ gba ajá àdàlù sílé, wọ́n ní Labrador gidi làwọn ń dúró dè. Conron bá ní kí wọ́n lọ sọ fáwọn oníròyìn pé irú ajá tuntun ti dé, Labradoodle. Ajá kan náà ni o, orúkọ ni wọ́n pààrọ̀, tẹlifóònù kò sì dákẹ́ mọ́. Ní ọdún 2019 ó sọ fún rédíò Ọsirélíà pé iṣẹ́ yìí ni òun kábàámọ̀ jù láyé òun, nítorí àwọn tó ń da ajá pọ̀ kiri láìṣe àyẹ̀wò kankan, tí orúkọ sì ń bá wọn tà á. Nígbà tí mo kà á, mo rántí ẹni tó fi ọwọ́ lé àyà.

A ò dá Tanímọ̀la padà. A gbìyànjú ẹ̀, ká má purọ́. Ọkọ mi tiẹ̀ ti tẹ ẹni tó tà á fún wa láago, owó nìkan ni ẹni náà kò fẹ́ dá padà. Ọmọ wa ló sunkún tí a fi jáwọ́. Dókítà fún un ní oògùn, a sì ṣe òfin: ajá kò gbọdọ̀ gun òkè lọ, ilẹ̀kùn yàrá ọmọ gbọ́dọ̀ wà ní títì, wíwẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, a ká kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ kúrò, a tẹ́ pákó dípò rẹ̀. Ó ṣì ń sín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí ìtànná bá pọ̀. Ó ti mọ́ wa lára.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2021, àlùbọ́sà. Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ajá náà lábẹ́lẹ̀ láìjẹ́ kí a mọ̀, bí ìyá àgbà sì ṣe ń fẹ́ràn ẹni kò ju oúnjẹ lọ. Wọ́n ń fi ọwọ́ òsì gbé ẹ̀bà tó kù pẹ̀lú ọbẹ̀ sí abẹ́ tábìlì. Ṣé ọbẹ̀ ata kan wà nílé Yorùbá tí kò ní àlùbọ́sà? Àlùbọ́sà sì ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa ajá jẹ́, tútù ni o, sísè ni o. Tanímọ̀la kò jẹun fún ọjọ́ méjì, èrìgì rẹ̀ funfun, ó ń mí wìì. Wọ́n dá a dúró lọ́dọ̀ dókítà ẹran lálẹ́ ọjọ́ méjì. Màmá kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ó fi padà wálé. Láti ìgbà yẹn, ẹran adìyẹ tí a bọ̀ lásán, láìfi nǹkan kan sí i, ni wọ́n ń bù fún un, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo àlejò bí ẹni ń ka Òfin Mẹ́wàá pé kò gbọdọ̀ jẹ àlùbọ́sà, kò gbọdọ̀ jẹ ṣokoléètì, kò gbọdọ̀ jẹ èso àjàrà.

Mo ti dé ibi irun padà.

Nígbà tí ajá wa wà ní ọmọ, irun rẹ̀ rọ̀, búrọ́ọ̀ṣì lásán ń kọjá lára rẹ̀. Láàárín ìgbà tó pé oṣù mẹ́jọ sí oṣù méjìlá, irun àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gba inú irun ọmọdé, méjèèjì sì ń di mọ́ra. Irun ọmọdé tó yẹ kó já sílẹ̀, inú irun àgbà ló há sí. Èmi ń fi búrọ́ọ̀ṣì ya òkè, òkè ń dán, gbogbo ẹni tó bá rí i ń ní ó mà rẹwà o, ìsàlẹ̀ sì ń di ìtẹ́lẹ̀ bàtà. Ẹni tó gẹ̀ ẹ́ ní kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí wọ́n fá a lọ, torí pé láti tú irú rẹ̀ á dun ajá ju fífá lọ.

Mo gbé e wálé lọ́jọ́ yẹn, ó wọ súẹ́tà ọmọ wa. Màmá wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí. Wọ́n ní kí n mú irun tí wọ́n fá náà wá. Mo ti kó o sínú ọ̀rá, mi ò mọ ìdí. Wọ́n na ọwọ́ òsì sí i, wọ́n yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè, wọ́n fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́. “Ìyàwó, orí irun lò ń yà. Ta ló kọ́ ẹ báyẹn? Ìdí la ti ń ya irun.”

Nígbà tí irun náà hù dé ìwọ̀n ìka kan, wọ́n ní kí n gbé àpótí ìsọ̀ àwọn wá láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Òòyà onígi wà nínú rẹ̀, ìlàrí wà, òòyà onírin tó ní ehín gígùn. Ti irin yìí ló ṣiṣẹ́. Wọ́n jókòó sórí àga kúkúrú, wọ́n pe Tanímọ̀la sí àárín orúnkún méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pe ọmọ tí wọ́n fẹ́ di irun fún. Ajá wọlé síbẹ̀, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí wọn. Wọ́n fi ọwọ́ òsì la irun sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí awọ fi hàn ní ìlà funfun kan. Wọ́n wá fi ọwọ́ òsì yẹn kan náà mú ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n gbé òòyà sí i, wọ́n ká àwọn ìka mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òòyà jábọ́. Wọ́n tún un gbé. Ó tún jábọ́. Mo ka mẹ́sàn-án kí n tó kúrò níbẹ̀, torí ojú mi ti fẹ́ kún. Láti ilé ìdáná, mo ń gbọ́ ọ lórí pákó: kọ̀. Kọ̀. Kọ̀. Tanímọ̀la kò dìde.

Nígbà tí físíò padà wá ní oṣù Kejì, mo sọ fún un, mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Ó fa àga, ó jókòó, ó ní kí Màmá ṣe é kí òun wò. Ó ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé ìdí tí àwọn fi ń fún èèyàn ní pẹ́ẹ̀gì àti àmọ̀ ni kí ọwọ́ lè ṣe ohun kan náà lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, kí ọpọlọ lè tún ọ̀nà rẹ̀ là, ìṣòro ibẹ̀ sì ni pé kì í pẹ́ sú èèyàn. Ó ní ẹni tó lo ogójì ọdún nídìí òòyà, òòyà ni kí á fi wò ó. Ó gba wá nímọ̀ràn pé kí á fi fóòmù wé ọwọ́ òòyà kí ó lè nípọn, kí ìka lè rí nǹkan dì mú. Ó sì ní kí á má pa àwọn eré ọwọ́ yòókù tì. Mi ò ní sọ pé ajá wo Màmá sàn. Wọ́n ń lo oògùn, físíò ń wá, ọjọ́ sì ń lọ. Ohun tí mo rí ni pé ní ìparí ọdún 2022, ọwọ́ ọ̀tún ń di òòyà mú fún ogún ìṣẹ́jú láìsí fóòmù, ó sì ń gbé ife tíì tí kò kún. Kò tíì lè di irun. Màmá kì í sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn.

Èmi kò gbàgbé Ọjọ́bọ̀ ibi iṣẹ́ mi. Mo fẹ́ kí Tanímọ̀la di ajá tó ń bẹ àwọn àgbà wò. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ló ń ṣètò èyí ní Britain. Pets As Therapy, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Àbúrò ọkọ mi kan ti ń sọ pé kí a ra ẹ̀wù ajá olùrànlọ́wọ́ fún un, kí a máa mú un wọ ilé ìtajà àti ilé oúnjẹ. Rárá o. Ajá tí wọ́n kọ́ láti ran aláìlera kan lọ́wọ́, bíi ti afọ́jú, òun ni òfin ìdọ́gba (Equality Act) ọdún 2010 dáàbò bo ẹni tó ni ín. Ajá tó ń bẹni wò, àlejò ni. Ibi tí wọ́n bá pè é sí nìkan ló ń dé.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìdánwò kìíní. Obìnrin tó wá dán an wò fi ọwọ́ pa á lára láti orí dé ìrù, ó wo etí, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Kò sí wàhálà, torí òòyà Màmá ti jẹ́ kí gbogbo ara rẹ̀ mọ ọwọ́. Ó fún un ní ìpápánu, ó rọra gbà á. Ó ju páànù sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ gbàà! Ajá yí orí, ó wò ó, ó gbàgbé. Mo ti ń rẹ́rìn-ín nínú. Ni obìnrin náà bá jókòó lórí àga, Tanímọ̀la sún mọ́ ọn, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó gbé e lé e lápá, ó tún gbé e, ó tún gbé e. Ọmọ wa ló kọ́ ọ ní bíbọ ọwọ́. Gbogbo ilé ti pàtẹ́wọ́ fún un nítorí rẹ̀ ní ìgbà tí mi ò lè kà.

Ó kùnà, ó sì yẹ kó kùnà. Èmi tí mo ń wẹ àwọn àgbà lójoojúmọ́, ó yẹ kí n ti mọ̀: awọ apá ẹni ọdún àádọ́rùn-ún dà bíi tákàdá tó rọ̀, èékánná ajá tó wọn kílò 28 kan ṣoṣo ti tó láti fà á ya.

Oṣù mẹ́sàn-án la fi tú ohun tí ọmọ kọ́ ọ. Màmá ló rí ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá fẹ́ kó kí àgbà, kì í bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ń dọ̀bálẹ̀ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ: kó tó gba adìyẹ, “Dọ̀bálẹ̀!” Kó tó jáde, “Dọ̀bálẹ̀!” Àlejò wọlé, “Dọ̀bálẹ̀ kí wọn.” Tó bá gbé ẹsẹ̀ sókè, gbogbo ilé á kọ ẹ̀yìn sí i, kò sẹ́ni tó máa wò ó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, obìnrin mìíràn ló wá dán an wò. Ó jókòó, ajá sún mọ́ ọn, ẹsẹ̀ kan ti ń gbọ̀n. Mo ní, “Dọ̀bálẹ̀.” Ó nà gbalaja, ó gbé àgbọ̀n lé bàtà obìnrin náà. Obìnrin náà bi mí pé èdè wo nìyẹn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

A lọ sí ilé àgbà kan tí kì í ṣe ibi iṣẹ́ mi, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti wa bọ́ọ̀sì rí, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró, ó máa ń ya bùláńkẹ́ẹ̀tì ní fọ́nrán fọ́nrán láti àárọ̀ dalẹ́. Tó bá ti mú etí Tanímọ̀la, ọwọ́ náà á dákẹ́. Mo rí i ní ìgbà mẹ́fà tàbí méje. Nígbà mìíràn kò ní dákẹ́, ìyẹn náà ṣẹlẹ̀.

Àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Tí a bá ti kọjá ilẹ̀kùn ilé náà, Tanímọ̀la á yán. Á tún yán. Á lá ètè láìsí oúnjẹ, á yí orí kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń pè é. Ẹni tí kò mọ ajá á ní oorun ló ń kùn ún. Kì í ṣe oorun. Bí ajá ṣe ń sọ pé ibí yìí ti pọ̀ fún òun nìyẹn. Tí a bá dé ilé, á sùn láti ọ̀sán di alẹ́, kò ní bá ọmọ ṣeré. Mo dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kò yàtọ̀. Ní oṣù Kẹrin mo pe ẹgbẹ́ náà, mo dá ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ padà. Obìnrin tó gbé fóònù ní ó máa ń ṣẹlẹ̀, ó sì dúpẹ́ pé mo rí i. Ọkọ mi ní gbogbo wàhálà yẹn sì wá já sí asán. Mi ò dá a lóhùn.

Ẹni tó ń gẹrun ṣì ń rí i ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ; kò sí Labradoodle tó lè sá fún ìyẹn, kí ẹni tó fẹ́ rà á fi owó rẹ̀ kún ìṣirò. Irun tó ń hù nínú ihò etí rẹ̀ ló máa ń gbà á ní àkókò, torí etí tó dorí kodò kì í tètè gbẹ, ó sì ti dá egbò sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kò tún sí kókó lára rẹ̀ mọ́.

Alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mò ń kọ èyí. Ọmọ ti sùn lókè, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Màmá wà lórí àga kúkúrú, ajá wà láàárín orúnkún wọn, òòyà onírin ń lọ láti ìdí sókè, ó ń dún ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́. Wọ́n ti ṣe ẹ̀yìn tán, wọ́n ti ṣe ọrùn. Wọn kò tíì fọwọ́ kan orí rẹ̀ o, wọ́n kàn sọ ọ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́ fún oníbàárà ní Rye Lane, láìgbójú sókè: “Yí orí sí ìhín.”

Ó yí i.